Ikùn Ṣì Wà, Apá Dà?

Ìṣó ni mo fi lu ihò kẹrin sára bẹ́líìtì mi. Mo tẹ́ ẹ sórí òkúta, mo fi òòlù gbá ìṣó náà lẹ́ẹ̀mejì, ihò là. Mo fà á mọ́ ìbàdí, mo wo ara mi nínú dígí, inú mi dùn. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí àwọn dókítà ti ń sọ fún mi pé mo sanra jù. Mo ga ní mítà 1.72, ìwọ̀n mi sì jẹ́ kílò 104. Bí a bá fi gíga mi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a wá fi ohun tó jáde pín kílò yẹn, iye tí a ó rí lé ní 35, bẹ́ẹ̀ láti 30 ni wọ́n ti ń ka èèyàn mọ́ àwọn tó sanra jù. Nítorí náà, nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ fúnra rẹ̀, tí mi ò sáré, tí mi ò lo oògùn kankan, ọpẹ́ ni mo ń dá.

Níbi iṣẹ́, wọ́n ń bi mí ní àṣírí rẹ̀. Èmi náà kò kúkú dákẹ́. Mò ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má jẹun alẹ́, kí wọ́n ti abọ́ sẹ́yìn nígbà tí oúnjẹ ṣì ń dùn lẹ́nu. Irọ́ kọ́ ni mò ń pa, ohun tí mò ń ṣe gan-an nìyẹn. Ohun tí mi ò wí ni pé kì í ṣe pé mo kó ara mi níjàánu. Bí mo bá ti jẹ ṣíbí mẹ́jọ, inú á ti kún dé gògóńgò. Ẹran tí mi ò bá jẹ kúnná á há sí mi láyà, màá máa gbé itọ́ mì lé e títí yóò fi sọ̀. Ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, mo ní ohun tí mo jẹ ni. Àtẹ̀gùn tí mo máa ń gùn láì ronú, mo wá ń dúró sí àárín rẹ̀ kí n lè mí. Láàárín oṣù márùn-ún, kílò 15 ti lọ, àwọn èèyàn sì ń kí mi kú oríire.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ fura. Ó ti pẹ́ tí a ti ríra. Bó ṣe wọlé, kò tiẹ̀ jókòó, ó di apá mi mú lókè ìgúnpá, ó fún un bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá èso ti rọ̀. Ó ní, "Ikùn rẹ ṣì wà níbí. Apá rẹ dà?" Mo rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dìde lórí àga láì fi ọwọ́ ti ara mi. Mo gbìyànjú, ìdí mi kúrò lórí àga díẹ̀, mo tún jókòó padà gbì. Ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní kò tó rárá. Wọ́n ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba ọ̀fun mi wọlé, wọ́n já bíńtín nínú ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ni. Ó wà lókè àpò ikùn, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí lẹ́yìn tí a bá gbé e mì, níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti já wọ inú rẹ̀ gan-an.

Mo bi dókítà bóyá sísanra mi ló fà á. Ó ní kò sẹ́ni tó lè wo ara ẹnì kan kó nàka sí ohun kan ṣoṣo, àmọ́ ibi tí tèmi wà yẹn, ọ̀rá ara lọ́wọ́ níbẹ̀. Lọ́dún 2016, àjọ IARC, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ka jẹjẹrẹ òkè àpò ikùn mọ́ oríṣi jẹjẹrẹ 13 tí ọ̀rá àpọ̀jù lè ṣílẹ̀kùn fún. Ọ̀rá inú máa ń ti àpò ikùn sókè, omi kíkan inú rẹ̀ á máa ru wá sí ọ̀fun, á máa jó ibi tí méjèèjì ti pàdé, lónìí, lọ́la, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rá fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹrù tó kàn jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn èròjà wọ̀nyí ló sì máa ń mú kí ara máa wú lábẹ́lẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì sì máa pọ̀ níbi tí kò yẹ. Ọdún mélòó ni mo fi ń jẹ oògùn àyà títa bí ẹni ń jẹ gúgúrú? Mi ò kà á.

Ìsàlẹ̀ àpò ikùn, ọ̀rọ̀ tibẹ̀ yàtọ̀. Kòkòrò Helicobacter pylori ni olórí ọ̀daràn níbẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n fi iyọ̀ púpọ̀ pa mọ́ sì ń gbè é lẹ́yìn. Dókítà ará Ọsirélíà kan, Barry Marshall, gbé kòkòrò yìí mu lọ́dún 1984 kí wọ́n lè gbà pé ó ń ṣe ikùn léṣe. Òun àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2005. Wọ́n yẹ̀ mí wò fún un, mi ò ní in. Kí n má purọ́, ìyẹn kò dùn mọ́ mi. Ó wù mí kó jẹ́ kòkòrò, kí n lè rí nǹkan mìíràn dá lẹ́bi.

Ẹni tó là mí lójú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe dókítà. Onímọ̀ oúnjẹ ni, obìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ. Ó ní kí n gun ìwọ̀n. Kílò 89. Mo ní, "Ẹ wò ó, mo ṣì sanra." Kò dá mi lóhùn lórí ìyẹn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kílò mélòó lẹ jẹ́ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn?" Mo sọ fún un. Ó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀, ó yí i sí mi: ó lé ní 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ní ẹni tí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ bá lọ láàárín oṣù mẹ́fà, tí kò sì gbèrò rẹ̀, àìjẹunrekánú ń bá a jà nìyẹn, ìbáà tẹ́ẹ́rẹ́, ìbáà tóbi bí erin. Ó wá gbé irin kan fún mi tó ní ojú bíi ti aago, ó ní kí n fi gbogbo agbára mi fún un. Mo fún un títí eyín mi fi ń lọ ara wọn. Ó wo ojú irin náà, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní ká tún fi ọwọ́ kejì. Mo ní ṣé ó dáa. Ó rọra rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà kan tó jáde níbí láàárọ̀ jù yín lọ díẹ̀, sà."

Lẹ́yìn náà ló fi àwòrán tí ẹ̀rọ CT yà hàn mí. Bí ẹni gé búrẹ́dì lágbedeméjì ni wọ́n ṣe fi inú mi hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rá yí ká, ó nípọn. Iṣan tó yẹ kó gbá ẹ̀yìn mi mú ti di pẹlẹbẹ, ọ̀rá sì ti wọ àárín rẹ̀. Ohun tí mo pè ní fífúyẹ́, iṣan ló pọ̀ jù nínú ohun tó lọ. Jẹjẹrẹ máa ń sún ara láti máa tú iṣan rẹ̀ jẹ, kódà bí oúnjẹ bá ń wọlé, áńbọ̀sìbọ́sí tèmi tí kò wọlé. Ọ̀rá tó kù wá bo àṣírí náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, egungun rẹ̀ ìbá ti ké sí gbogbo ilé láti oṣù kejì.

Dókítà oníṣẹ́-abẹ náà kò fi bò fún mi. Ó ní ara mi fún òun ní wàhálà méjì tí kì í sábà pàdé lára ẹnì kan. Èkíní, ọ̀rá inú. Nínú iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ àpò ikùn, kì í ṣe àpò yẹn nìkan ni wọ́n ń yọ. Àwọn kókó kéékèèké kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn, ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ kọ́kọ́ máa ń sá sí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kó wọn jáde. Wọ́n ní ó kéré tán, ó yẹ kí wọ́n rí 16 nínú wọn yẹ̀ wò kí wọ́n tó lè sọ bí àrùn ṣe rìn jìnnà tó. Nínú ẹni tó sanra, inú ọ̀rá ni àwọn kókó yìí sin ara wọn sí. Iṣẹ́ á pẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà sí i, ojú ọgbẹ́ sì máa ń tètè kó kòkòrò. Èkejì, àìlókun. Ibi tí wọ́n bá ti rán ìfun mọ́ ọ̀nà ọ̀fun, ohun tí yóò fi jiná, inú ẹran ara ni yóò ti mú un. Bí ara kò bá ní ohun tó lè kó jọ, ibi rírán náà lè já, kí ohun tí a jẹ máa jò sínú àyà. Ó ní, "Mo lè bá ọ̀rá jà. Èyí kejì yẹn, ẹ̀yin lẹ máa jà á."

Ìjà náà, oúnjẹ ni. Ẹni tó sanra, tí gbogbo ayé ti ń sọ fún pé kó dín oúnjẹ kù, wọ́n wá ní kó jẹun tipátipá. Wọ́n ní kí n rí purotéènì bíi gíráàmù 100 jẹ lóòjọ́. Mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹyin kan kò ju bíi gíráàmù 6 lọ. Èmi tí ẹyin kan ń há sí lọ́fun, kí n jẹ mẹ́tàdínlógún! Bí wọ́n ṣe gbé ohun mímu tí wọ́n po purotéènì sí fún mi nìyẹn, ìgò kékeré kan tí mò ń fi wákàtí kan mu, bí ẹni ń mu oògùn kíkorò. Ìyàwó mi ń lọ ẹran àti ẹja kúnná, ó ń po wàrà ìyẹ̀fun mọ́ ohun gbogbo. Wọ́n tún ní kí n máa rìn lójoojúmọ́, kí n máa dìde kí n máa jókòó lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nítorí oúnjẹ nìkan kì í di iṣan bí ara kò bá ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń wá kí mi tí wọ́n ń sọ òdìkejì rẹ̀. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀, pé ebi ló ń pa jẹjẹrẹ. Inú ń bí mi sí ìmọ̀ràn yìí títí di òní, nítorí ó mọ́gbọ́n dání létí, ó sì wù mí láti gbọ́. Ẹni tí oúnjẹ ń ni lára, bí wọ́n bá ní kó má jẹ, ó ti di ọ̀rẹ́ wọn. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ebi kò dé ọ̀dọ̀ jẹjẹrẹ. Èmi tí mò ń lọ sí ilé ìtọ̀ ni mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbà mẹ́rin ni mo gba kẹmó, ìyẹn oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ó dín jẹjẹrẹ náà kù, ó sì jẹ́ kí oúnjẹ tún máa sọ̀, àmọ́ ó ba ẹnu mi jẹ́, omi lásán ń ta bí irin lẹ́nu mi. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, mo ti di kílò 84. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ti wà nílẹ̀, dókítà wá sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà. "Àrùn ń jẹ ẹ́ lọ, ẹ ní kó máa dúró?" Dókítà náà ṣe sùúrù, ó jókòó tì í, ó ní ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá tí wọ́n bá fi bọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ti gbẹ tó báyìí, èrè rẹ̀ ju ewu ìdádúró lọ. Wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú mi lọ sínú ìfun, ẹ̀rọ kan sì ń fi oúnjẹ olómi ránṣẹ́ wọlé, díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán-tòru. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó yára kí n lè tètè lọ. Nọ́ọ̀sì ní rárá. Ẹni tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́, bí oúnjẹ bá dé bá a lójijì, àwọn iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí ọkàn rẹ̀ yóò fi dàrú. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ wò.

Lórí ibùsùn yẹn ni mo ti kà pé Theodor Billroth ló kọ́kọ́ gé apá kan àpò ikùn kúrò nítorí jẹjẹrẹ tí aláìsàn sì yè é, ní Vienna, ní oṣù kìíní ọdún 1881. Obìnrin náà lo bí oṣù mẹ́rin kí àrùn náà tó padà wá pa á. Ní 1897, Carl Schlatter yọ gbogbo àpò ikùn obìnrin mìíràn ní Zurich, ìyẹn sì lo ju ọdún kan lọ. Mo pe ìyàwó mi, mo kà á fún un. Ó ní kí n pa fóònù yẹn kí n sùn.

Wọ́n yọ tèmi náà tán pátápátá. Kílò 86 ni mo gbé wọlé. Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, mi ò lè sọ púpọ̀ lórí rẹ̀, mo sùn. Ojú ọgbẹ́ kó kòkòrò díẹ̀ níbi tí ọ̀rá ti nípọn jù, bí dókítà ti wí. Ibi rírán inú kò jò.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé fún èèyàn tẹ́lẹ̀ ni bí ayé ṣe rí láìsí ebi. Inú àpò ikùn ni èròjà tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa wá ti ń wá jù lọ. Wọ́n yọ àpò, ebi bá a lọ. Mo lè jí láàárọ̀ kí ilẹ̀ ṣú, kí n má rántí oúnjẹ. Aago fóònù ló wá di ebi mi: ó ń dún lẹ́ẹ̀méje lóòjọ́, bó bá ti dún, mo ti gbọ́dọ̀ jẹ. Àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbé ife tíì kalẹ̀ ni ìyàwó mi ń bu oúnjẹ mi sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, abọ́ ńlá ló ń gbé wá, bí mo bá jẹ ṣíbí márùn-ún tí mo dúró, ojú rẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní ọjọ́ kan, "Ṣé mi ò mọ oúnjẹ sè mọ́ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ojú ọgbẹ́ lọ. Àwo pẹlẹbẹ ló parí ìjà náà, torí pé mo lè jẹ ẹ́ tán, kó rí i pé ó mọ́.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi nípa ohun dídùn. Mo gbọ́, mi ò gbọ́yé. Ní oṣù kejì, ọ̀rẹ́ mi kan gbé omi èso wá, ó tutù, ó dùn, mo mu ife kan tán lẹ́ẹ̀kan náà, ohun àkọ́kọ́ tó dùn lẹ́nu mi láti oṣù mélòó kan. Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, òógùn bo ojú mi, inú mi ń han bí omi tó ń hó, ilé ń yí. Mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbalasa níwájú àlejò, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀ torí pé ó tutù. Dumping ni wọ́n ń pè é. Àpò ikùn ni adènà. Òun ló ń tú oúnjẹ sílẹ̀ fún ìfun níwọ̀nba. Nígbà tí adènà kò sí mọ́, gbogbo ṣúgà náà ya wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan, ìfun fa omi jáde nínú ẹ̀jẹ̀ kó lè fi là á, èmi wá ń gbọ̀n. Bó bá di bíi wákàtí méjì lẹ́yìn náà, irú kejì tún lè dé: ara á ti tú insulin, èròjà tó ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù, sílẹ̀ jù, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò mu nǹkan pọ̀ mọ́ oúnjẹ mọ́, mo ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú là wọ́n láàárín, purotéènì ni mo sì kọ́kọ́ ń jẹ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Abẹ́rẹ́ fítámì B12 ń bẹ tí mo ń gbà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, títí ayé. Láìsí àpò ikùn, kò sí èròjà tó ń mú fítámì yìí gba ìfun wọnú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ẹ̀dọ̀ ti tọ́jú pa mọ́ lè gbé èèyàn fún ọdún díẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pa abẹ́rẹ́ náà tì, tí ara ń dá wọn lóhùn pé kò sí nǹkan, títí ẹsẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Mo tún ń lo èròjà irin fún ẹ̀jẹ̀, kálísíọ̀mù àti fítámì D fún egungun.

Ní oṣù kẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo di kílò 72. Bí ẹ bá tún ìṣirò ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ṣe, 24 àti díẹ̀ ni yóò jáde. Ìwé ní mo pé, mo dára, kò sí ohun tó ṣe mí. Ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà kan rí mi, ó lanu. "Ọ̀gá, ẹ ti dà bí ọmọdé! Kí lẹ ń lò?" Ẹnu mi wúwo. Mo wo ikùn tirẹ̀, ó tóbi bíi tèmi àtijọ́. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó dín in kù, torí ó yẹ kó dín in kù, mo sì tún fẹ́ sọ pé bó bá ń dín fúnra rẹ̀, kó sáré. Kò rọrùn láti sọ méjèèjì pọ̀ lójú títì. Mo ní jẹjẹrẹ ni mò ń lò. Kò mọ bóyá kó rẹ́rìn-ín.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo ń gun ìwọ̀n, kí n tó jẹ nǹkan kan, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Kílò 74 àti ààbọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í béèrè ìyẹn. Ó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún di apá mi mú lókè ìgúnpá, ó fún un, ó tún un fún. Ó ní kí n dìde lórí àga. Mo dìde, ọwọ́ mi wà láyà. Ó fẹ́ sọ nǹkan, fóònù mi dún nínú àpò.

Ó ní, "Lọ jẹun ná."